Igbá Ẹtu

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.
Ààlọ̀.
Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó bà lé igbá Ẹtu.

Ọ̀rá ni àwọn ẹranko fi ń di ẹ̀bùn ọdún. Tí wọ́n bá tú u tán, wọ́n á sọ ọ́ sódò, títí odò fi dí. Ẹtu ní igbá lòun yóò fi gbé tòun.

Ó gbé èso lọ fún Òkété. Òkété yọ ṣùtì, kò gbà á. Ó gbé e lọ fún Ọ̀bọ, Ọ̀bọ fi orin bú u. Ẹ gbè é:

Ẹtu, lọ fọ̀rá dì í.
Igbá ni n ó gbé.
Ojú yóò tì ọ́ o.
Igbá ni n ó gbé.

Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìgbín, tí omi odò dídí lé kúrò nílé. Ìyá gba èso, ó fi olú kún igbá náà.

"Ọmọ mi, a kì í dá igbá padà lófìfo."

Ọ̀bọ rí olú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bá mi bi í, ẹ̀yin ọmọ: ta ló dá ọ̀rá padà fún un rí?