Bí Mo Ṣe Wá Òjò Àkọ́rọ̀ Lọ Sínú Igbó Àìwẹ̀yìn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń pariwo sọ. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́wùnmí, ará Òkè-Ìsun. Ọdẹ ni ó bí baba mi, ọdẹ ni baba mi, ìyá mi sì ń mọ ìkòkò tà. Mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ìkookò, n kò bẹ̀rù ohun tí ó ní ìwo, n kò sì bẹ̀rù ohun tí kò ní orí. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù láyé ni ìbéèrè tí ọmọ ọdún méje bi mí.

Ọlákìtán ni orúkọ ọmọ náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Àyọ̀ká aya mi bí fún mi lẹ́yìn tí a ti fi omijé wẹ ojú fún ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, òjò àkọ́rọ̀, èyí tí í ṣí ilẹ̀ fún àgbẹ̀, rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ìlú sáré gbin àgbàdo gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti kọ́ wa, òjò kò sì padà wá mọ́. Oòrùn jó irúgbìn náà nínú ilẹ̀. Ọdún kẹta nìyẹn tí àkọ́rọ̀ tàn wá jẹ. Odò Ìsun gbẹ. A ń wa iyanrìn rẹ̀ títí apá yóò fi ro wá, kí a tó rí omi tí kò kún igbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Ọlákìtán jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń sẹ́ omi ẹlẹ́rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, bí èmi náà bá bí ọmọ, omi wo ni n ó fi wẹ̀ ẹ́?"

Mo fa ìbọn mi mọ́ra, mo ń nù ún bí ẹni tí iṣẹ́ ká mọ́. Àyọ̀ká gbé ojú sókè, ó ní, "Bàbá Ọlákìtán, ọmọ ń bi yín léèrè o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà igbó, ẹ dìde, ẹ lọ bi àwọn tí wọ́n mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo bu omi sínú kèrègbè kékeré kan, mo sì kọrí sí Igbó Àìwẹ̀yìn, níbi tí àwọn baba wa sọ pé Ìyá Àkọ́rọ̀, ẹni tí ó ni òjò àkọ́kọ́, fi ṣe ilé. Igbó náà kò jọ igbó tí mo mọ̀. Ọ̀bọ kò fò, ẹyẹ kò ké, ewé ń já lórí igi láìsí afẹ́fẹ́, ìjàlọ pàápàá kò tò lọ́nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni iwin kan yọ sí mi. Ara rẹ̀ sán bí ilẹ̀ àbàtà tí ó gbẹ; ẹnu méjì ni ó ní, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń tọrọ omi. Ó ní Amumimáyó ni orúkọ òun.

"Ọmọ ènìyàn," ni ó wí, "èmi ni mo ń ṣọ́ ọ̀nà yìí. Já àlọ́ mi, tàbí kí n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ mu bí ọmọ ti ń fa ọmú. Ó ń bọ̀, kò dé rí. Gbogbo ayé ń retí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dé, orúkọ rẹ̀ yí padà. Kí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ iwin, èyí kò tó ohun tí a fi ń da àgbà láàmú. Ọ̀la ni. Bí ó bá dé, òní ni à ń pè é."

Ó gba kèrègbè mi, ó fi ẹnu méjèèjì mu ún gbẹ, ó sì yà fún mi. Ó ní, "Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n. A óò wò ó bóyá ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n."

Mo bá Ìyá Àkọ́rọ̀ lórí ẹní nínú ihò àpáta. Obìnrin gíga ni, irun rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ewé ni a fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, egbò sì ń yọ lábẹ́ ewé náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ni ó ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Ó jóná ni, ọmọ mi. Orí igi ni mo ń gbà láti òkun títí dé oko yín. Níbi tí kò bá sí igi, ilẹ̀ gbígbóná ni mo ń tẹ̀. Ibi tí mo ti ń sinmi kí n tó wọ ìlú yín ni abẹ́ àwọn ìrókò orísun odò Ìsun. Ta ni ó gé wọn?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni. Baba mi ni ó fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn mí kí n lè máa ṣọ́ ọ, èmi ni mo sì mú àwọn tí ń gé gẹdú lọ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fún mi ni mo fi kan páànù sórí ilé. Ìjì ni mo sọ fún Àyọ̀ká pé ó wó àwọn igi náà.

Mo ní, "Ìyá, èmi ni. Ṣùgbọ́n nítorí ọlá ọmọ mi ni."

"Nítorí kí ni? Tún un pè."

"Nítorí ọlá ọmọ mi."

"Ọlá rẹ̀ ni o ń wá, ọ̀la rẹ̀ ni o tà. O já àlọ́ Amumimáyó láìrò ó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ọwọ́ rẹ, o ṣi ọ̀rọ̀ náà pè."

Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Mo ní, "Ìyá, ẹ foríjì mí, ṣé èmi nìkan ni? Àwọn ará ìlú òkèèrè ńkọ́, tí èéfín ẹ̀rọ wọn bo ojú ọ̀run? Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Kí ó tọ̀ wọ́n lọ!"

"Òtítọ́ ni o sọ, tiwọn ju tìrẹ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n eérú yìí kò mọ ẹni tí ó dà á. Ọmọ ni ó ń tọ̀. Wo ibẹ̀ yẹn."

Ó fi ọwọ́ gbá kùrukùru sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí arúgbó obìnrin kan tí ó ń fi ìka wa ilẹ̀ odò, tí ọmọ kékeré kan ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó gbé orí, ojú ìyá mi ni mo rí lójú rẹ̀. Ọlákìtán mi ni, tí ó ti darúgbó. Mo pè é, kò gbọ́. Ó ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún, ó ń wí pé, "Dákẹ́, baba mi mọ odò yìí nígbà tí ó kún." Kò bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi. Mo sunkún bí ọmọ tí a gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi yí i padà."

Ó ní, "N kò ní ṣèlérí fún ọ. N ó máa wá, ṣùgbọ́n n ó máa pẹ́, bí mo bá sì dé, mo lè wó ilé. Gbin ibi ìsinmi mi padà. Bóyá ó ti pẹ́ jù, bóyá kò tíì pẹ́ jù, èmi gan-an kò mọ̀."

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìlú. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan wo ilẹ̀, nítorí wọ́n ti gé igi nínú igbó tiwọn náà. Àyọ̀ká wò mí, ó ní, "Bàbá Ọlákìtán, ọdún mẹ́rin ni ẹ fi jẹ́ kí n máa bú ìjì." Ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Ọlákìtán fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó mú ọkọ́, ó sì tẹ̀ lé mi lọ sí orísun odò.

Ogójì ọ̀dọ́ ìrókò ni a gbìn; mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kú. Láràárọ̀, Ọlákìtán a mu ìdajì omi tirẹ̀, a da ìdajì sí ìdí igi. Mo ní kí ó mu ún tán. Ó ní, "Bàbá mi, èmi lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Òun kò lè sọ." Ẹ gbọ́ mi o, ó dùn mí dé egungun, pé ọmọ ni ó ń fi omi tí ì bá mu tún ohun tí baba bà jẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin òbí, n kò wá sọ fún yín pé ó ti dára. Òjò kò tíì rọ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n omi tiwa yìí, ẹsẹ̀ ọmọ wa ni yóò tẹ̀ ẹ́, bóyá lẹ́yìn tí a bá ti kú. Ẹ dà á síbẹ̀. Ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tí ẹ ṣe fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n má baà máa bú ìjì. Mo rí i pé ẹnìkan ti ń bu omi bọ̀ fún mi níbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣeun, ọ̀fun mi gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún mi. Ẹ gbé e lọ sí ìdí igi.