Ládàánì Tó Dá Dókítà Lóhùn Bí Ẹni Tí Wọ́n Kí

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń fi ohùn rẹ̀ mọ àkókò. Ládàánì ni, òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí wọn. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn onígbàgbọ́ tó wà ní òdìkejì títì pàápàá máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ. Ohun tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í sọ ohun tó ń ṣe é. Bí ibà bá ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lábẹ́ aṣọ, tí o bá bi í léèrè ara, á ní, "A dúpẹ́, ara le." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ, òun kò ní fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wọlé. Ta ni yóò bá a wí? Gbogbo wa la ń ṣe é.

Òkúta wá dì sínú àpò òróòro rẹ̀. Ìrora ká a mọ́lẹ̀ títí ó fi gba ọsibítù lọ, wọ́n sì ní àfi iṣẹ́ abẹ. Dókítà obìnrin kan wá bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kun aláìsàn lóorun, kó sì ti rọ́bà gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó lè máa mí títí iṣẹ́ yóò fi parí.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti kùn yín lóorun ṣiṣẹ́ abẹ rí?"

"Wọ́n ti ṣe é rí."

"Báwo ló ṣe rí nígbà náà?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan."

Nǹkan wà. Nígbà tó ṣì jẹ́ géńdé, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìlú mìíràn, dókítà ibẹ̀ sì pè é jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, àwọn jà kí àwọn tó rí rọ́bà gbà á kọjá, ibikíbi tí wọ́n bá ti tún fẹ́ kùn ún lóorun, kó tètè sọ. Ládàánì ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láṣẹ Ọlọ́run, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà jù nù.

Wọ́n gbé e wọlé, oògùn mú un. Wọ́n padà ròyìn ìyókù fún un. Dókítà ti rọ́bà, kò lọ. Ó tún orí rẹ̀ gbé, ó tún un tì, kò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tóóró yẹn ni àwọn iṣan tín-ín-rín wà, èyí tó ń jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn àti èyí tó ń gbé ohùn jáde. Tipátipá lè pa wọ́n lára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Obìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fún un ní atẹ́gùn títí ó fi jí.

Nígbà tí ládàánì lajú, ó fọwọ́ kan ikùn, kò bá ojú abẹ kankan. Ó fẹ́ béèrè, ohùn tó jáde ń han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Apá òsì ahọ́n rẹ̀ sì ti kú tipiri. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Dókítà fa àga jókòó tì í. "Bàbá, mi ò fi tipá ṣe é, síbẹ̀ ìwọ̀nba tí mo ṣe ti kan àwọn iṣan kan. Mo rò pé wọ́n á sọjí, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún yín rí pé ọ̀nà ọ̀fun yín há?"

Ládàánì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Háà, Bàbá! Mi ò kí yín nígbà yẹn o. Ọ̀nà tí mo máa gbà ni mò ń béèrè."

Wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní kó lọ sinmi sílé ná. Ẹlòmíràn ló ń pe ìrun. Ládàánì a jókòó sí yàrá, a máa gbọ́ ohùn ẹni ẹlẹ́ni, ọkàn rẹ̀ a sì máa gbọgbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bi í bó ṣe ń ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí kò ní a dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Sàlámátù." Ó yà á lẹ́nu pé àyà òun fúyẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó sì fò dìde. "Ata! Ìyá Sàlámátù, ata yìí ta mí lápá òsì!" Ìyàwó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ọwọ́ òun ló ṣì í, àṣé ijó ni ọkùnrin náà ń jó. Ariwo rẹ̀ dé ilé kejì, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Àwọn méjèèjì sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lá ọbẹ̀ náà tán.

Ó padà sí ọsibítù. Dókítà kò tíì béèrè tó fi ń sọ: bí ọ̀fun ṣe há, ohun tí dókítà àkọ́kọ́ wí, bí ahọ́n ṣe kú. Wọ́n jẹ́ kó lajú sílẹ̀. Wọ́n fi oògùn sí ọ̀fun rẹ̀ kó má baà dùn ún, wọ́n sì ti rọ́bà wọlé díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí, kí wọ́n tó wá kùn ún lóorun. Ó gbà wẹ́rẹ́. Wọ́n yọ òkúta náà. Nígbà tí ara rẹ̀ kọ́fẹ padà, òun fúnra rẹ̀ ló pe ìrun Alásárì, àwọn kan sì sá jáde láti ṣọ́ọ̀bù wá wò ó bóyá òun ni lóòótọ́.

Ìwọ tí à ń pa àkàwé yìí fún, o kò ní òkúta nínú òróòro. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà ilé pè ọ́ jókòó, tí wọ́n bi ọ́ bí ìwọ àti aya rẹ ti ń ṣe sí, o rẹ́rìn-ín, o ní a dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ aya rẹ ti kó ẹrù lọ sílé ìyá rẹ̀. Bí o bá dákẹ́, àwọn tó fẹ́ràn rẹ yóò tọwọ́ bọ ibi tí wọn kò mọ̀, wọn yóò sì ṣe ọ́ léṣe níbi tí wọ́n ti ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Kò tíì pẹ́ jù. Wọn kò tíì dìde lórí ìjókòó. Padà tọ̀ wọ́n lọ, kí o sọ ibi tó ti há.