Àpá Ara Ògiri Tísà

Ọ̀dà kọ̀, kò mú ògiri yàrá àlejò Tísà Fágbèmí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olóyèdé akunlé kùn ún, ṣùgbọ́n bí ọ̀dà bá ti gbẹ, ojú ibi tó sán tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí á tún yọ síta, á ṣú bí àpá egbò.

Tísà ní, “Olóyèdé, bó bá tún yọ lọ́la, akunlé mìíràn ni yóò kun yàrá mẹ́fà tó kù.”

Olóyèdé tọ ìyá Tísà lọ. Ó sọ fún un pé, “Màmá, ọwọ́ ayé wà nínú èyí.”

Màmá, tó ti fi amọ̀ pupa pa ọ̀pọ̀ ògiri nígbà èwe rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Ayé wo? Bu omi wá.”

Ó fi ọwọ́ tútù kan ara ògiri àtijọ́, omi ṣàn wálẹ̀. Ó fi kan ojú sìmẹ́ńtì, omi wọlé lọ ráúráú. Ó yíjú sí Olóyèdé.

“Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìwọ ń wọ̀ ọ́ láṣọ! Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Fún un mu ná.”

Olóyèdé fi omi la ọ̀dà kó lè ṣàn, ó fún ojú ibẹ̀ nìkan mu, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún fún un mu, títí omi fi ń ṣàn wálẹ̀ níbẹ̀ náà. Nígbà náà ló tó kun ògiri láti igun dé igun.

Ní òwúrọ̀, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tan sí gbogbo ara ògiri. Tísà fi àtẹ́lẹwọ́ wá àpá náà títí. “Ibo ló wà?” Olóyèdé tó kùn ún gan-an kò rí i mọ́.

Màmá ní, “Ó ti yó.”

Ní báyìí, Olóyèdé ti kun mẹ́rin nínú yàrá mẹ́fà náà. Ọwọ́ tútù ló kọ́kọ́ ń fi kan ògiri kọ̀ọ̀kan.