Adìẹ Tó Ń Sàba

Adìẹ tó ń sàba kì í dìde kí ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pa òwe yìí láti kékeré, tí ẹ sì máa ń mi orí bí ẹni tó wà níbẹ̀, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ pa á. Àwọn mìíràn ní ọlọ́sìn adìẹ ni. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ní Ìdí-Òro tiwa, ilé ìwòsàn la mọ̀ pé ó ti wá.

Ìbíwùmí, ìyàwó Oyèwọlé, ló lóyún ìbẹta. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú. Nígbà tí èyí náà tún fẹ́ máa yọ́ bọ̀, dókítà dá a dúró sí ọsibítù ìlú ńlá. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé apá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi gbó. Bó bá dìde, wọ́n lè bọ́.

Ìbíwùmí dùbúlẹ̀, ilé ń fà á lọ́kàn. Àárò òórùn gàrí tí wọ́n ń yan ń sọ ọ́, àárò ariwo àwọn ìyàwó ilé ń sọ ọ́, títí dórí ìjà wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí jù ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá tó bí Ìbíwùmí ti kú kó tó relé ọkọ, ìyá ọkọ yìí ló sì fi ṣe ìyá. Òun ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tí oyún méjèèjì bàjẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tó ti dé ọsibítù, Ìyá kò yọjú. Oyèwọlé a ní ọwọ́ Ìyá dí. Irọ́ ni, Ìbíwùmí ti gbọ́ ohun tí Ìyá sọ nílé: "Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, oko ni mo ti ń bọ̀ tí mo fi ń rọbí. Ìyàwó wo ló ń sùn láti àárọ̀ dalẹ́? Ọ̀lẹ ni!" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Síbẹ̀, bí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù bá ti dún, á yíjú síbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́ ikọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń wúkọ́ báyẹn. Ìyá wọlé, ó dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìborùn mọ́ra. Ó ń retí kí wọ́n kí òun.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ Ìbíwùmí wọlé ọkọ, kò kí Ìyá rí láì jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Bó bá nà gbalaja kí i báyìí, ṣé kò ní di aláfojúdi pátápátá? Ìyá lè yí padà, kó má sì wá mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn bà á ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ. Ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀.

Aṣọ ìbora yọ̀, Ìyá rí ikùn náà. Ó rí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fi tipátipá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ nítorí òun. Kíá, ó ju ìborùn nù, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gba ẹsẹ̀ náà kó tó kanlẹ̀, ó rọra dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lo fẹ́ ṣe, Ìbíwùmí?"

"Mo fẹ́ kí yín ni, mà. Ẹ má bínú. Àárò yín ló ń sọ mí."

"Ta ló ní kí o kí mi? Adìẹ tó ń sàba kì í dìde kí ẹni tó ni ín!" Omi ti kún ojú Ìyá. "Èmi tí mo ń rìn ló yẹ kí n ti wá kí ọ."

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ó ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbó, wọ́n sì bí wọn láàyè. Àwọn aboyún tó wà ní wọ́ọ̀dù ló gbé ọ̀rọ̀ Ìyá lọ sílé ọkọ wọn, ẹ ṣáà mọ bí inú wọn yóò ti dùn tó láti pa irú òwe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ṣeé fi sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń bínú pé kò yọjú sí wọn, kò kí wọn, àwọn àgbà a ní: adìẹ tó ń sàba kì í dìde kí ẹni tó ni ín. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ wà nílẹ̀, ìwọ ni kó lọ kí i.