Ìdí Tí Alángbá Fi Ń Mi Orí Lára Ògiri

Nígbà láéláé, nígbà tí ọrùn alángbá ṣì le gbagidi bí igi, ilẹ̀ ló ń gbé, kò sí ohun tó kàn án kan ògiri. Inú ihò kan lẹ́bàá àbàtà ni ilé rẹ̀ wà, Ọ̀pọ̀lọ́ sì ni aládùúgbò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe Alángbá, kì í fọhùn, ṣe ni yóò yọ sí onítọ̀hún fìrí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹranko fi fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun.

Abẹ́ igi ọdán ni wọ́n ti ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bímọ á sọ ọ́ níbẹ̀, ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù á kéde rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wá kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì sọ lónìí, atẹ́gùn á ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ni Ikán bá dìde. Ẹ mọ Ikán, kò tóbi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ po amọ̀, wọ́n mọ ògiri gàgàrà kan sí oríta. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lọ́rọ̀ wá sọ ọ́ níwájú ògiri náà, àwọn yóò fi ẹnu gbẹ́ ẹ sí i lára, kí ẹni tó bá kọjá lọ́la àti lọ́túnla lè rí i. Wọ́n bi í ní ohun tí yóò gbà. Ó ní òun kò gba nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹ ṣáà fọkàn sí i: bí gbogbo ayé ṣe ń wo ògiri, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ikán ń jẹ igi ilé wọn lábẹ́lẹ̀.

Kíá ni ògiri kún. Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló fẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo sì fẹ́ ya wọ́n létí. Alángbá ló wá ojútùú sí i.

“Ẹni tó bá ti rí ọ̀rọ̀, kó mi orí sókè sódò,” ó ní. “Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á mọ̀ pé a ti rí i.”

Ó fi hàn wọ́n. Ọrùn rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí kò mi ín rí.

Orí mímì yìí mà wọ̀ wọ́n lára o. Ẹni tí wọ́n bá mi orí fún á sùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tí wọn ò bá mi orí fún, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ohun tó bá ti dùn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnìkan dá a ní. Ẹ̀gà ní ọ̀rọ̀ ara ògiri ti gùn jù. Ó ṣí ojúde tirẹ̀ sórí ọ̀pẹ, ó ní ọ̀rọ̀ tó bá ju èémí kan lọ, kí olúwarẹ̀ gbé e lọ sílé. Ìjà ò tán lórí ọ̀pẹ náà títí dòní. Ọ̀kín ní òun ò tilẹ̀ fẹ́ ọ̀rọ̀. Ó kó wọn lọ sí etí odò tó tòrò, kí oníkálùkù máa wo ẹwà ẹnìkejì nínú omi. Kò pẹ́ tí Ọ̀bọ fi ta gbogbo wọn yọ: ó ní kí wọ́n wá jó lórí ẹ̀ka igi òun, ijó tí yóò parí kí a tó ṣẹ́jú. Àwọn ọmọdé ya lọ sọ́dọ̀ Ọ̀bọ, àwọn àgbàlagbà ṣẹ́kù sídìí ògiri, wọ́n ń fi àdúrà gígùn kí ara wọn kú àárọ̀.

Ibi gbogbo tí wọ́n lọ, orí mímì bá wọn dé ibẹ̀, Alángbá ò sì gbẹ́yìn níbì kankan. Ó ń sáré láti ìdí ògiri dé orí ọ̀pẹ, láti orí ọ̀pẹ dé etí odò, ó ń mi orí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mi tó o. Ọrùn tó le tẹ́lẹ̀ wá rọ̀ bí okùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àbàtà Ọ̀pọ̀lọ́ gbẹ, koríko gbẹ, àwọn ọdẹ sì ti ń tiná bọ igbó lápá òkè. Àwọn ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ ò tíì lè fò, odò sì jìnnà. Ó lọ sílé Alángbá, kò bá a. Ó fò títí ó fi dé oríta, ó ní kí Ikán bá òun gbẹ́ ẹ sára ògiri pé iná ń bọ̀, kí wọ́n wá bá òun kó àwọn ọmọ òun dé odò.

Gbogbo ẹranko tó ń kọjá ló mi orí. Alángbá dé, ó rí i, àánú aládùúgbò rẹ̀ ṣe é gan-an. Nítorí náà, ó mi orí tirẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, ó mi ín títí àgbọ̀n rẹ̀ fi ń kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ wo ijó lọ́dọ̀ Ọ̀bọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ rí orí tó mì lókèèrè, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ó padà sílé lọ dúró dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní òmùgọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó tọ́ Ọ̀pọ̀lọ́ dàgbà, bí o bá bẹ ẹnìkan níṣẹ́, tó sì mi orí sí ọ, ó ti gbà nìyẹn, àrífín ni kí o tún bi í léèrè. Orí mímì lójú Alángbá, “mo rí i” ni. Lójú Ọ̀pọ̀lọ́, “mo ń bọ̀” ni.

Òkété kọjá níbẹ̀, ó ní kí Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ kí òun pọn àwọn ọmọ náà lọ.

“Ẹ ṣeun, Bàbá Òkété, ẹ máa lọ,” ni Ọ̀pọ̀lọ́ dáhùn. “Alángbá ti mi orí sí mi. Bó bá dé tí kò bá wa nílé, yóò dùn ún.”

Iná dé kí Alángbá tó dé. Ọ̀pọ̀lọ́ kó gbogbo ọmọ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ díẹ̀ tó kù, ó dùbúlẹ̀ lé wọn lórí, ó sì fi ẹ̀yìn gba iná.

Èéfín ni Alángbá rí kó tó rántí. Ó sáré bí kò ṣe sáré rí, àmọ́ nígbà tí yóò fi dé, iná ti kọjá. Gbogbo ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá wọn, tó ń dán tẹ́lẹ̀, ti wú wúlewùle.

Alángbá ní òun rò pé àwọn yòókù yóò ti wá, ṣebí gbogbo wọn ló mi orí.

“Ẹsẹ̀ rẹ ni mo pè, Alángbá,” ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. “Orí rẹ ló dá mi lóhùn. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé o rí ọ̀rọ̀ mi, o sì jókòó?”

Alángbá fẹ́ gbọn orí sọ́tùn-ún sósì pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọrùn rẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ lọ sókè, ó wá sódò. Ó tún lọ sókè, ó tún wá sódò. Ọ̀pọ̀lọ́ wò ó títí, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà odò lọ. Ojú ti Alángbá débi pé kò lè gbé ìtòsí àbàtà mọ́, ló bá gun ara ògiri lọ.

Nígbà tí ọmọ ènìyàn wá dé oríta, wọ́n rí ògiri, wọ́n rí ojúde orí ọ̀pẹ, wọ́n rí etí odò àti ẹ̀ka Ọ̀bọ. Wọ́n ní irú èyí ò gbọdọ̀ wọ́n àwọn, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń fi àtàǹpàkò wọ́ ojú fóònù láti àárọ̀ yẹn, oríta Ikán ló wà.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ ti rí ṣákiṣàki. Láti ọjọ́ náà ni alángbá sì ti ń gbé ara ògiri, tó ń mi orí sí ẹni tó pè é àti ẹni tí kò pè é. Àwọn kan ní ara rẹ̀ ló ń yìn. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ìbéèrè Ọ̀pọ̀lọ́ ló ṣì ń dáhùn.