Méjì-Méjì Láti Ilé Kọ̀ọ̀kan

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ baálẹ̀ abúlé kan létí odò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, ọ̀gá, torí ẹ̀yin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Lọ́dún kan, àgbàrá gbé afárá tí wọ́n ń gbà lọ sọ́jà lọ. Baálẹ̀ ní kí gbogbo ilé wá tún un ṣe. Ní abúlé náà, èèwọ̀ ni kí ènìyàn ka iye ọmọ tó wà nílé ẹlòmíràn. Baálẹ̀ kò fẹ́ rú èèwọ̀, nítorí náà ilé ló kà, kò ka orí. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú àgbàlagbà méjì wá fún ọjọ́ méjìlá. Gbogbo wọn gbà pé kò sí ojúsàájú níbẹ̀.

Ilé tó tóbi jù ní ènìyàn mẹ́rìnlélógún tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n yan méjì, àwọn yòókù gba oko lọ. Ilé tó kéré jù jẹ́ ti opó kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti tó gbéyàwó. Àwọn méjèèjì ló wá.

Ní ọjọ́ kẹta, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Ẹni tó bá gbin àgbàdo lọ́sẹ̀ náà ni yóò rí àgbàdo jẹ. Opó lọ bá baálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi lọ gbin àgbàdo wa. Èmi á dúró."

Baálẹ̀ ní, "Ìyá, méjì-méjì ni gbogbo ilé mú wá. Tí mo bá dá ẹnì kan sílẹ̀, kí ni màá sọ fáwọn tó kù?"

Obìnrin náà padà sídìí òkúta tó ń rù.

Nígbà tí afárá fi parí, òjò ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀ sì ti le. Ohun tí ìyá àti ọmọ gbìn jóná mọ́lẹ̀. Ọmọ náà lọ wá iṣẹ́ àgbàṣe níbi tó jìnnà, ibẹ̀ ló sì jókòó sí.

Lọ́dún kejì, wọ́n fẹ́ ro ọ̀nà. Baálẹ̀ tún ní méjì-méjì. Opó nìkan ló wá láti ilé rẹ̀. Baálẹ̀ bi í pé ẹnì kejì rẹ̀ dà. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú hóró àgbàdo méjì jáde, ó kó wọn sí baálẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Ohun tí mo kórè lọ́dún tó kọjá nìyí, Bàbá. Ẹ ní kí n mú méjì wá, mo mú un wá." Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. "Ilé ńlá náà mú méjì wá. Ẹ má bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n. Ẹ ṣáà bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni kù nílé."

Ojú ti baálẹ̀ gidigidi. Lọ́jọ́ náà ló pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ka ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kó sì mú ẹnì kan wá nínú mẹ́rin mẹ́rin. Ilé ńlá mú mẹ́fà wá. Opó tó ku òun nìkan ṣe ọjọ́ mẹ́ta nínú méjìlá, ìdámẹ́rin iṣẹ́ ẹnì kan. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò padà wálé.

Ọ̀gá, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín ṣe olórí yìí. Ohun tó máa ń ṣòro jù fún mi láti kọ́ àwọn ọmọ ni pé, tí a bá ń fi iye kan wé òmíràn, ká wo ohun tó jáde, ká sì wo iye tí a ti inú rẹ̀ mú un jáde. Lánàá ẹ ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa pọn ogójì garawa omi láàárọ̀. Ọgọ́ta ọmọ ló wà ní kíláàsì kẹta. Kíláàsì kẹfà kò ju mẹ́jọ lọ, ìdánwò wọn sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ní ó dọ́gba. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín fúnra mi, kí n má bàa máa sọ ọ́ lẹ́yìn yín.

Lọ́la, kí ẹ tó lu agogo, ẹ lọ dúró lọ́nà odò. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún.