Ohùn Tí Esówè Ń Retí

Ọkùnrin kan wà ní Ìlá tó jẹ́ tíṣà. Ìjọ rẹ̀ rán òun àti àwọn márùn-ún mìíràn lọ wàásù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní abúlé kan ní apá àríwá Tógò. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Esówè. Àgbẹ̀ yìí ti gbé lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá oníṣòwò rí nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ èdè wa níwọ̀nba.

Esówè gba tíṣà sílé. Ó fún un ní yàrá tirẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń sùn ní ilé ìdáná. Òun ló mú un wọ gbogbo agboolé, tó ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, àwọn méjèèjì jọ lọ gbin ọkà bàbà. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ọwọ́ tíṣà bó, Esówè sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní ọ̀rẹ́.

Inú àwọn ẹ̀gbọ́n Esówè kò dùn sí i. Wọ́n ní, “Àwọn èèyàn yìí ń lọ láìpẹ́. Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò máa bá ọ roko?”

Esówè ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni. Kò ní gbàgbé mi.”

Láti ìgbà náà ni wọn kò ti dé oko rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí tíṣà ń lọ, ó dì mọ́ ọn, ó ní, “Màá máa pè ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.” Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ.

Nígbà tó délé, ó sọ ìtàn Esówè ní ìjọ, àwọn èèyàn sì sunkún. Ìjọ mìíràn gbọ́, wọ́n ní kó wá sọ ọ́ fún àwọn náà. Esówè ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Tíṣà gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó fèsì. Ó gbọ́ ìkejì, ó ní tó bá yá òun máa fèsì. Kò ṣí àwọn tó tẹ̀lé e rárá. Kò bínú sí Esówè o. Iṣẹ́ ni, àti àárẹ̀, ó sì ń sún un síwájú.

Ní ọdún kẹta, ìjọ tún rán an lọ síbẹ̀. Ó ra aṣọ dání fún ìyàwó Esówè. Igbó ti bo oko náà nígbà tó débẹ̀. Obìnrin náà jókòó síta, kò dìde. Pásítọ̀ abúlé ló túmọ̀ ohun tó sọ.

“Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti kú. Ibà mú un nígbà ìkórè, òun nìkan ló sì ń kórè.”

“Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n ní kó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.”

Tíṣà lọ sẹ́yìn ilé, ó ṣí fóònù rẹ̀. Ohùn Esówè ti lọ sílẹ̀ nínú èyí tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn: “Ọ̀rẹ́ mi, mi ò bèèrè nǹkan kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní o ti gbàgbé mi. Jọ̀ọ́, fi ohùn rẹ ránṣẹ́. Kó kúrú náà. Kí n gbé e sí wọn létí.”

Ó wá rántí pé lẹ́yìn tí ohùn yẹn wọlé, òun ti dúró ní ìjọ mẹ́rin, tí òun ń sọ pé, “Esówè ọ̀rẹ́ mi ń kí yín.”

Ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n náà, ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fún un lómi. Èyí àgbà ní, “A ti sọ fún un.” Títí di òní, kò sí ẹnì kan láti agboolé yẹn tó ń wọ ilé ìjọsìn.

Arábìnrin mi, ìwọ tí ìjọ tún fẹ́ rán lọ wàásù, mi ò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan níbẹ̀ bá pè ọ́ ní ọ̀rẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti pàdánù nǹkan nítorí rẹ. Bí o kò bá ní lè bá a ṣe é lọ, jẹ́ àlejò rẹ̀, dúpẹ́, má sì ṣèlérí. Obìnrin tí o sọ ìtàn rẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìrìnàjò èṣí, kí ló bá ọ sọ kẹ́yìn? Lọ dá a lóhùn kí o tó di ẹrù rẹ.